Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyàwó Kékeré

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà dúdú kúrò lára ọkọ̀ náà, kùrukùru ọyẹ́ bo Kabba débi pé òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi pòórá. Mo rẹ bébà oníyanrìn sínú omi, mo bẹ̀rẹ̀ láti etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ń fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó. Omi dúdú ń ṣàn gba apá mi sílẹ̀ bí aró. Nígbà tó yá, àwọ̀ wàrà yọ lábẹ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ tó èékánná, ó wá tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ yẹn kò tíì rí oòrùn láti ìgbà tí mo ti bò ó. Mo jókòó sórí táyà, mo ń wò ó, ó sì dà bíi pé òun náà ń wò mí. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bò ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ṣí ti ara ọkọ̀ tí mi ò ṣí ti inú mi, irin lásán ni mo wẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ọ̀gá Boaz, tí ẹ máa ń sọ fún àlejò pé kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi nítorí pé n kì í yọ ohun rere fi ohun burúkú dípò, ẹ súnmọ́ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo jí. Mo sì fẹ́ sọ ohun tó burú ju olè lọ tí mo fi ẹnu ṣe, kí ilẹ̀ tó bò mí mọ́ ọn.

Ẹ má rò pé ìwà mímọ́ ló dé bá mi lójijì. Dókítà ló sọ fún mi pé fáàfù kan nínú ọkàn mi kì í padé dáadáa mọ́. Ó mú bírò, ó fẹ́ ya á sórí bébà kó lè yé mi, mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ní, bí fáàfù kò bá padé, ohun tí ẹ́ńjìnnì tì síwájú á máa jò padà sẹ́yìn. Á máa ṣiṣẹ́ púpọ̀, á máa rìn díẹ̀, títí yóò fi dákẹ́ lórí òkè kan. Dókítà wò mí, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo bi í bóyá a lè tú u ká lọ̀ ọ́ bí a ti ń lọ ti mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti ènìyàn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fi etí lé ìrọ̀rí, mo máa ń gbọ́ ọkàn mi tó ń tàsé, mo sì mọ ohun tó ń sọ.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, abà rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ekinrin-Adde, ẹ̀rọ ìlọta ìyá mi ni mo sì kọ́kọ́ tú nígbà tó kọ̀ tí kò yí mọ́. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo to nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Nígbà tí mo rí ibi tó ti jẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti ẹ̀yìn wá síwájú títí ẹ̀rọ náà fi tún ké. Mo rò pé n ó fò lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ń yí, tó ń mí, tó ń ti ara rẹ̀ síwájú, ó máa ń pè mí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ebi kọ́ ló sún mi dé ibi tí mo dé. Ìfẹ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìfẹ́ bá sì bí, kò sọ pé kó má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Alàgbà Ọláníran, ọmọ Iyara, ló ni ọkọ̀ náà. Kàdúná ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba, ibẹ̀ ló ti ra Bẹ́ǹsì náà ní tuntun, gígùn, aláwọ̀ wàrà, tó jẹ́ pé bó bá ń kọjá, ìró táyà lórí òkúta lẹ ó gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wà á bọ̀ wálé. Láràárọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ kó tó fẹnu kan oúnjẹ, ọkùnrin tí kò fọ abọ́ kan rí láyé rẹ̀. Àwọn ará Iyara bá sọ ọkọ̀ náà ní Ìyàwó Kékeré. Ìyàwó àgbà ni aya rẹ̀ gan-an, Elizabeth, ọmọ Ogidi. Ọlọ́run kò fún wọn ní ọmọ tí a ó fi máa pè é, nítorí náà Màmá Elizabeth ni gbogbo wa ń pè é. Ahunṣọ ni. Òfì rẹ̀ wà ní ìdúró lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló ti máa ń bá òwú sọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn Kàdúná ti mú kí awọ àga ẹ̀yìn Bẹ́ǹsì náà là, ó hun aṣọ tó nípọn láti fi bò ó, aró àti funfun, pẹ̀lú òwú pupa tín-ín-rín kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní kò sí obìnrin tó ń dáṣọ fún orogún, ṣùgbọ́n òun kò ní jẹ́ kí orogún òun máa rìn níhòòhò. Bí ó bá tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, á ní, “Jẹ́ kí baálé wa kú ná. Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ lé jáde, kí n tó ráyè sunkún.” Alàgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, spánà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwàdà yẹn.

Èmi ni mo bá a fa aṣọ náà sára àga. Mo rí i pé òwú pupa yẹn já nítòsí etí aṣọ, ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé òwú ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò bi í. Lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ irin, ibi tó bá já, ó já náà ni.

Ní ọjọ́ kan, Alàgbà gbé ọkọ̀ náà wá, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kábúrétọ̀ méjì, tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, ló wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ń mí ju èkejì lọ, ara gbogbo ọkọ̀ kò ní balẹ̀. Alàgbà fi í sílẹ̀ fún mi, ó wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé. Mi ò ní ohun tí mo lè fi wọn èémí. Mo gé rọ́bà omi gígùn kan, mo ki orí rẹ̀ kan bọ etí mi, mo gbé orí kejì sí ẹnu kábúrétọ̀ àkọ́kọ́, mo gbọ́ atẹ́gùn tó ń wọlé. Mo gbé e sí ẹnu èkejì, ohùn tirẹ̀ ga díẹ̀. Mo yí ìdè rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ń sùn, mo tún gbọ́. Mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì bí ẹni ń bá tọkọtaya parí ìjà, títí ọ̀sán fi pọ́n. Lójijì, ohùn wọn di ọ̀kan. Mo gbé ife omi lé orí ẹ́ńjìnnì náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, omi náà kò mì. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ojú ọ̀run sì wà lẹ́yìn mi, ó dúró ṣinṣin. Mo jókòó tì í, mi ò mọ ìgbà tí oòrùn fi wọ̀. Ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò tíì ti ọwọ́ mi jáde rí.

Kí Alàgbà tó padà wá gbé e, àìsàn dá a dúbúlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin. Nígbà náà, kò tíì sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn. Mo ń dúró. Láràárọ̀ ni mo ń jí ẹ́ńjìnnì náà kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ dán an wò díẹ̀ lójú ọ̀nà. Kùrukùru wà nílẹ̀. Ọ̀nà ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú funfun, igi ń jáde, ilé ń jáde, wọ́n ń wọ inú funfun lọ padà lẹ́yìn mi, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan àfi èémí kan ṣoṣo ti kábúrétọ̀ méjì. Mo wo dígí, ó dà bíi pé Alàgbà wà lórí àga ẹ̀yìn, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sùn. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, mo ti dé abà bàbá mi. Mo wà á wọ abẹ́ àtíbàbà iṣu, mo kó imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn bọ̀ ní Kabba tí mo fi pàdé ọmọ Iyara kan lọ́nà, tó sọ fún mi pé Alàgbà Ọláníran ti kú. Ṣé mo lè yípadà níbẹ̀? Mo lè yípadà. Kò sí ẹni tó dì mí lọ́wọ́. Mo dúró díẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, mo wá ń rìn lọ.

Babátọ́pẹ́, àbúrò olóògbé, wá bá mi pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ilé wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ni àwọn fẹ́ fi gbé òkú láti Ìlọrin wọ Iyara, pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òun ló yẹ kí ọkọ̀ náà gbé délé. Mo ní ọkọ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Wọ́n ní báwo. Mo lè sọ pé olè ló gbé e, ṣùgbọ́n bí olè bá gbé ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni, ẹni náà ni wọ́n á kọ́kọ́ dì mú. Mo ń wá ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n gbé e. Àwàdà Màmá sì wà lórí mi, bí irinṣẹ́ tó wà ní àrọ́wọ́tó. Mo ní, “Màmá ló rán ènìyàn wá gbé e.” Babátọ́pẹ́ ní, “Màmá wo?” Mo ní, “Ìyàwó yín. Wọ́n ní ó ní òun ń lé orogún òun jáde.”

Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí nínú wọn. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Babátọ́pẹ́ bi mí ta ni ó rán. Mo ní ọkùnrin méjì ni. Kí wọ́n má bàa dà bí òjìji, mo fún ọ̀kan ní gíga, mo fún èkejì ní ẹsẹ̀ tó ń tiro. Mo to irọ́ náà bí mo ti ń to ẹ́ńjìnnì. Gbogbo rẹ̀ wọ ara wọn. Bí mo bá gbé omi lé e lórí, kò ní mì. Ẹ kò tíì mọ ibi tí mo ti rí ẹsẹ̀ tó ń tiro. Màmá ní àbúrò ọkùnrin kan ní Ogidi, Moses, tó máa ń bá a ru òwú. Ó ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá rí, ẹrù lórí rẹ̀, ó ń tiro, ó kí mi pé okun o, mo sì dá a lóhùn. Èmi ni mo mú ẹsẹ̀ ẹni tó kí mi, mo fi sínú irọ́ mi. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé àṣìṣe ni.

Mo wà níbi ìsìnkú náà. Ọkọ̀ tí wọ́n yá ni wọ́n fi gbé òkú dé. Màmá Elizabeth ti hun aṣọ tí yóò fi bo ọkọ rẹ̀, nítorí ó ní kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ hun ún. Ó búra níwájú gbogbo ilé pé òun kò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi í pé ta ló ń tiro nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Babátọ́pẹ́ ká aṣọ náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní aṣọ ọwọ́ olè kò ní bo ẹ̀gbọ́n òun. Obìnrin náà gbé aṣọ rẹ̀ lé apá bí ọmọ, ó rìn jáde, ó kọjú sí ọ̀nà Ogidi. Ó kọjá lẹ́bàá mi. Òórùn aró wà lára rẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Ọkọ̀ náà pẹ́ lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti tutù, mo fi fáìlì pa nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ́, mo yọ irin tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ sí, mo kun gbogbo ara rẹ̀ ní dúdú, mo sọ fún àwọn ènìyàn pé mo rà á ní àwókù ní Kàdúná, mo sì tún un ṣe. Wọ́n ní Ọ̀gá Boaz kì í ṣe ẹni kékeré. Aṣọ àga ẹ̀yìn nìkan ni mi ò yọ. Ó dára jù. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, mo ń rí bí òwú kan ṣe di èkejì mú, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Mo rò pé nínú nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin nìkan ni ọkọ̀ ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, àwọn tó ń ya fíìmù dé Kabba, wọ́n ń wá ọkọ̀ ọlọ́lá àtijọ́, àwọn ará ìlú sì mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Fíìmù náà dá lórí bàbá arúgbó kan tó ń lá àlá ìgbà èwe rẹ̀, nínú gbogbo àlá náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé e kiri. Èmi ni mo wà á fún wọn. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn kan ní ọ̀sán, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé, wọ́n sì tàn án sára ògiri. Mo rí ọkọ̀ náà tó ń jáde láti inú kùrukùru ojú ọ̀nà, láìdún, bó ṣe jáde ní òwúrọ̀ yẹn gan-an. Àwòrán náà wọ inú ọkọ̀ lọ, ó rìn jẹ́jẹ́ lórí aṣọ àga, aró, funfun, òwú pupa, àyè kékeré. Arúgbó inú fíìmù wà níbẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Òógùn bò mí nínú òkùnkùn ọ̀sán yẹn, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo ń wo àlá tàbí àlá ló ń wò mí.

Fíìmù náà ló mú Ẹniolúwa wá. Ọmọbìnrin Mopa kan ni, ó máa ń tọpasẹ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó bá rí nínú fíìmù, ó sì ń kọ ìtàn wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ràn wọn. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó bi mí lọ́wọ́ ta ni mo ti rà á ní Kàdúná. Mo ní mo ti gbàgbé orúkọ ọkùnrin náà. Ó ní, “Bàbá, ẹni tó ń wakọ̀ ló ń gbàgbé. Ọkọ̀ kì í gbàgbé.” Ó ní kí n bá òun ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó fa rọ́bà etí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ya àwòrán ibi tí ọ̀dà mi kò dé. Ó ní, “Ẹ wò ó, ó ti jẹ́ aláwọ̀ wàrà rí.” Ó dùn mọ́ ọn bí ẹni rí ẹyin nínú koríko. Kò mọ ohun tó ṣí.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Ó béèrè dé Kàdúná, awakọ̀ arúgbó kan níbẹ̀ rántí ọ̀gá kan, ọmọ Iyara, tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láwọ̀ wàrà. Ó lọ sí Iyara. Babátọ́pẹ́ sọ fún un pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ló jí ọkọ̀ náà tà, pé kó lọ bi í ní Ogidi. Ó lọ sí Ogidi. Ó bá Màmá Elizabeth nídìí òfì, ó fi àwòrán inú fóònù hàn án, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó lè rí àga náà dáadáa. Màmá fi ìka kan aṣọ náà, àwòrán náà sá lọ lábẹ́ ìka rẹ̀, ó ń lé e kiri títí ó fi rí àyè kékeré yẹn. Ó wá ṣàlàyé fún ọmọbìnrin náà pé nínú ilé ìyá òun, ẹni tó bá ń hunṣọ gbọ́dọ̀ fi ẹnu-ọ̀nà sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ̀mí ẹni tó ń lò ó lè máa wọlé kó máa jáde. Olúkúlùkù ló sì mọ ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí obìnrin ahunṣọ kan ní gbogbo agbègbè yẹn tí kì bá mọ̀ pé kí a kọ́kọ́ bọ́ aṣọ lára ohun tí a bá jí. Èmi tí mo pa nọ́ńbà rẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn méjèèjì jọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ilẹ̀ wa, okun tí a fi ń kí ara wa ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín ẹni méjì. Àní ẹni tó ń bọ̀ wá jà á kọ́kọ́ kí ọ kó tó gbé ọwọ́ sókè. Màmá Elizabeth kò kí mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé, ó jókòó, ó fi ìka rẹ̀ sí ẹnu-ọ̀nà náà. Ó ní, “Orogún mi rèé. Aṣọ mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ó wò mí. “Boaz, àwọn ọkùnrin méjì yẹn, ta ni wọ́n?”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó ní, “Mi ò bi ọ́ nípa ọkọ̀. Èyí tó ń tiro ni mo bi ọ́. Mo lé Moses kúrò nílẹ̀kùn mi. Ó dúró níta títí ó ń pè mí, mi ò ṣí i. Títí ó fi kú, mi ò ṣí i. Ta ló ń tiro?”

Kò sí irinṣẹ́ kankan ní àrọ́wọ́tó mi. Mo ní, “Kò sí ẹnikẹ́ni, Màmá. Kò sẹ́ni tó wá. Èmi ni.” Ẹniolúwa bo ẹnu rẹ̀. Màmá kò sunkún. Ó kàn ń fi ìka yẹn lọ, ó ń fi í bọ̀ nínú àyè kékeré tó wà nínú aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú òróró ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n dìde, òun kò wá wo ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Kùn ún bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí o fi í gbé mi lọ sí Iyara, kí o fi ẹnu tí o fi sọ tàkọ́kọ́ sọ èyí níwájú wọn.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà nìyẹn. Èémí mi kò tó mọ́. Mo ń ha díẹ̀, mo ń jókòó díẹ̀. Mo tún àwọn kábúrétọ̀ náà bá ara wọn mu pẹ̀lú rọ́bà omi bíi ti àtijọ́. Mo gé àyè kékeré kan sílẹ̀ nínú ọ̀dà tuntun níbi tí mo ti pa nọ́ńbà rẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè rí ọgbẹ́ náà. Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, ó dúró sínú oòrùn àárọ̀ bí ìgbà tí Alàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán. Màmá wọ ẹ̀yìn, ó gbé àpò kan lé itan. A gba ọ̀nà Iyara. Mo wo dígí lẹ́ẹ̀kan, ó ti dijú, mi ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀.

Babátọ́pẹ́ ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tí ó rí àwọ̀ wàrà yẹn tó wọ àgbàlá, ó di ògiri mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró, mo sọ ti ẹsẹ̀ tó ń tiro lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá wọn lójú. Àwọn ọ̀dọ́ ilé fẹ́ gbá mi mú. Babátọ́pẹ́ na ọ̀pá, ó ní wọn kì í na ẹni tó gbé ara rẹ̀ wá, pé àwọn agbófinró yóò gbọ́, mo sì dáhùn pé mo wà nílé. Ó wá yíjú sí obìnrin náà. Ó ní, “Ìyàwó wa, a dá aṣọ rẹ padà.”

Màmá ní, “Ọkọ mi, mo mú un wá.” Ó ṣí àpò orí itan rẹ̀. Aṣọ náà ṣì ká bí Babátọ́pẹ́ ṣe ká a fún un ní ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibojì Alàgbà ní iwájú ilé, Babátọ́pẹ́ ń fi ọwọ́ na etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Màmá bí wọn yóò ti ṣe ọkọ̀ náà, ó ní kí ó dúró síbẹ̀. “Mo ní n ó lé e jáde, òun ló lé mi. Ó ti dé ilé ọkọ. Kó máa gbé ibẹ̀.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó bo ẹnu. Màmá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣiṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù irọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹni tó pa á náà á rí i pé kò dára. Èyí tó bá rìn láìdún ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀yin ọmọ Moses, níbikíbi tí èyí bá ti bá yín, bàbá yín kò jí ohunkóhun. Mi ò lè ṣí ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọn lójú. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì tí a ti Iyara dé, Màmá mú mi lọ sí ibojì Moses ní Ogidi. Koríko ti bò ó. Ó ní òun kò lójú láti wá síbẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún ilẹ̀ bí mo ti sọ ọ́ ní Iyara. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko náà, ọkàn mi ń tàsé, mo ń sinmi, mo ń fà, mo to òkúta yí ibojì ká bí mo ti ń to ohun tí mo fẹ́ kó pẹ́. Màmá jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń wò mí. Nígbà tí ilẹ̀ náà mọ́, ó dìde, ó rìn yí i ká, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ òkúta kan wò bóyá ó dúró. Ó dúró. Ó wá ń lọ sílé. Ó ti kọjá mi kó tó sọ ọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Okun o, Boaz.”

Èrè iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo dá a lóhùn.